Ìtara Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ ohun púpọ̀ nípa ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀. Nínú yàrá kan ní Kubwa tàbí Lugbe ní Àbújá, níbi tí àyè há tí owó ilé sì ga, ẹ fa ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde kí ẹ wò ó: gìtá tí okùn rẹ̀ ku márùn-ún, ike sódà kọ́sítíìkì tó ti dì bí òkúta, nítorí pé ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, tó sì ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, irúgbìn tòmátò tó ti lé lọ́dún méjì, ìwé kékeré kan tí ìkíni Hausa bíi “Ina kwana? Lafiya lau” kún ojú ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ìyókù sì funfun báláú. Ẹni tó ni ẹrù yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í tìtorí abẹ́rẹ́ máṣíìnì wọ mọ́tò lọ sí ọjà Wuse lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀lẹ kì í jókòó di aago mẹ́ta òru kó máa wo fídíò àwọn tó ń ṣe ọṣẹ.

Yorùbá kò ṣàìní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Abẹ̀rẹ̀-má-parí. Oníwàdùwàdù. Wọ́n á ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, bí ẹni pé eku méjì péré ló ń lé; mẹ́jọ ni. Màmá tàbí ẹ̀gbọ́n á rí àpò irúgbìn tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé o tún ti gbé e dé?” Ìbéèrè yẹn máa ń dunni ju èébú lọ, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀.

Lójú tèmi, ní ti ẹni tó ní ADHD, ìyẹn ipò ọpọlọ tó máa ń mú kó ṣòro láti fọkàn sí nǹkan tàbí láti jókòó jẹ́ẹ́, a kò lè fi ìbáwí lé ìtara tó ń tètè kú yìí jáde, torí pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìtara náà máa kú. Ohun tó kù tí a lè ṣe ni pé kí ìsìnkú rẹ̀ má gbówó lórí, kó má sì fa ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́ra lọ.

Ohun tó wà nínú ọpọlọ

ADHD kì í ṣe àṣà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá. Dókítà ará Scotland kan, Alexander Crichton, ti kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan ní 1798, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí à ń gbé lónìí kò tíì sí. George Still sọ̀rọ̀ nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ní 1902. Orúkọ tí à ń pè é nísinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní 1987.

DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, tó jáde ní 2013, la ohun tí wọ́n máa ń wò sílẹ̀. Àgbàlagbà tó ti pé ọmọ ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán àmì 5 nínú 9 ti àìlèfọkànsí, tàbí 5 nínú 9 ti àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ àti ìwàǹwára. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ fún oṣù 6, kí àwọn kan nínú àmì náà sì ti hàn kí ó tó pé ọmọ ọdún 12. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló ti ń yọ ọ́ lẹ́nu: bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ nìkan ni ọkàn rẹ ti ń fò, ó lè jẹ́ ọ̀gá rẹ ló fà á. Ẹ wo gbogbo àmì 18 náà, kò sí “ó máa ń pa gìtá tì” níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko ló ra gìtá tí wọn ò ta á lórin, tí wọn ò sì tà á lọ́jà.

Bí ọ̀rọ̀ ìtara ṣe kàn án nìyí. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine. Ó wà lára àwọn ohun tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́ láti ibì kan sí òmíràn, ó sì ní ọwọ́ púpọ̀ nínú bí ara ṣe ń mọ̀ pé ohun kan tọ́ sí wàhálà tí a fẹ́ ṣe lórí rẹ̀. Nínú ọpọlọ ẹni tó ní ADHD, ètò yìí kò rìn bó ṣe ń rìn lára ẹlòmíràn. Ohun tuntun máa ń ru ú sókè wàrà. Ohun tó ti di ojoojúmọ́ kì í lè gbé e dìde, kódà bí ẹni náà bá mọ̀ lórí pé ó ṣe pàtàkì. Èrè tó jìnnà sì máa ń kéré lójú rẹ̀ ju bó ṣe ń kéré lójú gbogbo wa lọ: ẹyin tí adìẹ máa yé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 kò yàtọ̀ sí ẹyin inú àlá.

Ẹ wá wo bí ìkọ́ṣẹ́ èyíkéyìí ṣe máa ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ ló ní ohun tuntun: orúkọ irinṣẹ́, ọjà tí wọ́n ti ń tà á, àṣírí tí ẹnì kan sọ nínú fídíò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan kan ti jáde lọ́wọ́, a ti ya fọ́tò rẹ̀ sí status. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun tuntun tán. Ó ku kí a máa tún ohun kan náà ṣe títí ọwọ́ á fi mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń fi ìwà ojoojúmọ́ gbé ara rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ náà ni iná ti ń kú fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe òfin o. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ti òmíràn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kó kọ iṣẹ́ ìgbafẹ́ márùn-ún tó ṣe kẹ́yìn sílẹ̀, kó wo ọjọ́ tó rà á àti ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Fọ́tò inú fóònù máa ń ní déètì, kò sì ní purọ́ fún un.

Níbo ni odi wà?

Iṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní odi tirẹ̀, ibi tí adùn ti dáwọ́ dúró tí àtúnṣe-àtúnwí sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí odi wà kì í fi orí sọ ọ́ lóru.

Ọṣẹ nìyí, tí gbogbo èèyàn fẹ́ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo fídíò kan. Ẹ fi sikéèlì wọn òróró àgbọn 500 giráàmù, ẹ má fi ife díwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọn sódà kọ́sítíìkì 87 giráàmù àti omi 175 giráàmù. Ìwọ̀n sódà yìí máa ṣẹ́ òróró díẹ̀ kù, nǹkan bí 5 nínú 100, tí sódà kò ní sọ di ọṣẹ, kí ó má bàa gbẹ awọ ara jù. Inú omi ni a ń da sódà sí, díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da omi lé sódà lórí, ó lè hó lójijì kó ta síni lójú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ike tó nípọn ni kí ẹ lò. Sódà máa ń jẹ alumíníọ́mù, ó sì máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkòkò alumíníọ́mù ló kún ilé ìdáná wa. Bí omi sódà àti òróró bá ti rọlẹ̀ sí ìlọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ẹ rò ó títí yóò fi ki bí ògì gbígbóná, kí ẹ sì dà á sínú àwo tí a fi bébà tẹ́. Ọṣẹ àgbọn tètè máa ń le, nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gé e. Ó máa tó ọṣẹ bí méje.

Wákàtí méjì ni gbogbo ìyẹn, adùn rẹ̀ sì pọ̀. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 tí ọṣẹ náà fi máa jókòó lórí pẹpẹ kí omi inú rẹ̀ gbẹ, kí ó le, kí ó sì rọ awọ ara lọ́rùn. Odi rẹ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ọkàn ti kúrò lórí ọṣẹ, ó ti dé orí kámẹ́rà. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ níbí ni pé wọ́n ti ra kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 ní ọjọ́ kejì. Ọṣẹ méje tó. Ẹ kọ déètì tí ó máa jinná sára páálí rẹ̀, kí ẹ fi áláàmù sórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tó yé sínú áláàmù náà: “Ọṣẹ ti jinná, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.” Áláàmù tí kò sọ ibi tí ọṣẹ wà kò wúlò, ẹni tó ń gbọ́ ọ ti gbàgbé pé òun ṣe ọṣẹ.

Ní ti ọ̀gbìn, odi kò sí níbì kan náà fún gbogbo irúgbìn. Tẹ̀tẹ̀ ló yẹ ẹni tó ní ADHD jù. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ó ti yọ orí, láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ó ti wọ ọbẹ̀. Àpò ìrẹsì tí a lu ihò sí nídìí ti tó. Ilẹ̀ pupa Àbújá máa ń dì bíi bíríkì lẹ́ẹ̀rùn, nítorí náà, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ ọn, ìdá kan sí mẹ́ta. Tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé atẹ́gùn lè gbé e lọ: ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ ife yanrìn gbígbẹ kan, kí ẹ fọ́n ọn, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bó bá ti jìn ju ìlàjì sẹ̀ǹtímítà lọ, ọ̀pọ̀ kò ní yọ, ẹni tó gbìn ín á sì rò pé irúgbìn òkú ni wọ́n tà fún òun. Tẹ́ ẹ bá gé e ní ìbú ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, á tún rú. Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò Àbújá ti fìdí múlẹ̀, kí ojú ọ̀run máa bá yín bomi rin ín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi, kò sì sí ìtara tó lè fara da ìyẹn.

Tòmátò ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ní ibi ìtọ́jú irúgbìn, lẹ́yìn náà oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èso tó pọ́n, láàárín méjèèjì kò sí ohun tuntun ju kòkòrò lọ. Ẹ ra tòmátò lọ́jà.

Adìẹ tó ń yé ẹyin ni mo máa ní kí ẹnikẹ́ni tó mọ ara rẹ̀ má fọwọ́ kàn. Ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Nígbà tó bá ń yé, adìẹ kan ń jẹ tó 115 giráàmù oúnjẹ lójúmọ́. Ogún adìẹ ń jẹ 2.3 kílò, àpò oúnjẹ kílò 25 kò ní pé ọjọ́ 11. Ọjọ́ kan kò sí tí a lè gbàgbé. A lè da aṣọ bò máṣíìnì fún oṣù mẹ́fà; adìẹ tí a gbàgbé fún ọjọ́ méjì nínú ooru oṣù Kẹta ti di òkú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lórí adìẹ dandan, kó lọ bá ẹni tó ti ń sìn ín ní ọjọ́ Sátidé, kó bá a kó ẹyin.

Máṣíìnì ìránṣọ ní odi méjì, àkọ́kọ́ sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu torí pé ọjọ́ kìíní ló wà. Òwú á ṣù jọ lábẹ́ aṣọ bí irun tí wọn ò yà, máṣíìnì á há, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdè bọ́bìn káàkiri. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bọ́bìn. Òwú òkè ni kò wọ àárín irin méjì tó máa ń fún un, torí pé ẹsẹ̀ máṣíìnì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi òwú sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, ẹ yọ òwú náà pátápátá, kí ẹ tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tán, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́: nọ́ńbà 14 fún ànkárá, 16 fún jíǹsì, 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo sọ èyí gùn torí pé ìṣòro ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ti pa iṣẹ́ ìgbafẹ́ púpọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Odi kejì jẹ́ síípù àti ọrùn apá. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní pẹ́, kó dúró níwájú rẹ̀: àpò ìrọ̀rí láti inú ànkárá yáàdì kan, lẹ́yìn náà bùbá. Bó bá parí sí bùbá, bùbá náà ti wà.

Èdè Hausa ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí pé kò sí Yorùbá tó ń gbé Àbújá, Kaduna tàbí Sabon Gari ní Kano tí kò ní gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ ti lè kí alátà, ẹ ti lè ka ɗaya, biyu, uku, huɗu, ẹ ti lè sọ pé “Nawa ne?” (Èló ni?) kí ẹ tún fi “Ka rage mini” (Ẹ bá mi dín in kù) sí i, alátà á rẹ́rìn-ín, á sì yọ owó díẹ̀. Èrè ojú ẹsẹ̀ nìyẹn, irú èyí tí ọpọlọ yìí fẹ́ràn. Hausa sì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi àmì sí i nínú ìwé lásán. Etí Yorùbá tètè ń gbọ́ ọ.

Odi rẹ̀ dé nígbà tí a bá fẹ́ sọ gbólóhùn tiwa. Hausa ń pín ohun gbogbo sí akọ àti abo: “Wannan littafi ne,” ṣùgbọ́n “Wannan mota ce.” Ìwé mi jẹ́ littafina, mọ́tò mi jẹ́ motata. Kí ni mọ́tò ṣe tó fi di obìnrin? Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó parí sí “a” máa ń jẹ́ abo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bí nǹkan bá sì ju ẹyọ kan lọ, tiwa rọrùn, a kàn ń sọ pé “àwọn” ni: àwọn ilé, àwọn mọ́tò, àwọn ìwé. Wọ́n ní tiwọn: gida (ilé) di gidaje, mota di motoci, littafi di littattafai, yaro (ọmọkùnrin) di yara. Ẹni tó bá jókòó ti ìwé òfin èdè, tó sì tẹjú mọ́ ìlànà ọ̀pọ̀ wọ̀nyí, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ ti dé.

Ọ̀nà àbùjá kan wà. Ẹ má kọ́ òfin. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, kaza-kaji (adìẹ), kifi-kifaye (ẹja), márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹ máa rà ní ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an. Ọ̀dọ̀ alátà kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lọ. Ó ti mọ̀ yín, á máa retí yín, ìretí ẹlòmíràn sì máa ń gbé ẹsẹ̀ tí ìpinnu ara ẹni kò lè gbé. Ohun mìíràn tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé èdè kì í gba àyè lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A lè pa á tì fún ọdún kan, kí a padà dé, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì kù lórí ahọ́n.

Gìtá ní tirẹ̀: orí ìka máa ń dunni fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó yi. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ọjọ́ Sátidé lọ, torí pé wákàtí mẹ́ta á bó ìka. Ẹni tó bá kọjá ìyẹn á bá kọ́ọ̀dù F pàdé (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí a ta pa pọ̀), níbi tí ìka kan ti gbọ́dọ̀ tẹ okùn mẹ́fà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tá a bá ń gbé lókè ọya, ọyẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Atẹ́gùn gbígbẹ máa ń mú kí igi gìtá sún kì, etí irin ọrùn rẹ̀ á yọ síta máa ha ọwọ́, ara igi sì lè sán. Fóòmù kékeré tí a rẹ sínú omi, tí a fún dáadáa, tí a fi sínú ike ọṣẹ tí a lu ihò sí, kí a tì í sínú báàgì gìtá: ó tán. Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù Kejì.

Owó

Ìtara kì í jẹ owó; ohun tí a rà ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí a máa yá nǹkan kí a tó rà á. Kí Iléyá tàbí Kérésìmesì tó dé, télọ̀ kankan kò ní ráyè gbọ́ yín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún, ṣọ́ọ̀bù á pa rọ́rọ́. Ẹ lọ bá a nígbà náà, kí ẹ san owó ọ̀sán ọjọ́ méjì láti lo máṣíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gìtá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kó eruku jọ. Ẹni tó ní kámẹ́rà pọ̀ ju ẹni tó ń lò ó lọ.

Bó bá di rírà dandan, ẹ kọ orúkọ nǹkan náà, iye rẹ̀ àti déètì sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì fún òru mẹ́ta. Ẹ yọ káàdì yín kúrò nínú áàpù tí ẹ fi ń rajà, kí ó di dandan láti dìde lọ wá a nínú pọ́ọ̀sì. Ìdìde yẹn nìkan ti gba ọ̀pọ̀ owó là. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ rà. Ó ti bọ́ owó àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, tẹ́ ẹ bá máa tún un tà, ohun tó máa dín kò ní pọ̀. Bí iṣẹ́ náà bá lè ṣe é láìlo iná, ẹ mú èyí tí kò lo iná: NẸ́PÀ máa ń mú iná lọ, ìtara á sì bá a lọ. Kí ẹ má sì gòkè sí irinṣẹ́ tó dára jù kí iṣẹ́ mẹ́ta tó parí pátápátá. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo wí, ẹ má fi oṣù mẹ́ta ka èyí, torí pé irinṣẹ́ lè fi oṣù mẹ́ta wà nínú páálí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní Àbújá níbí ni pé a máa ń sọ gbogbo nǹkan di bísínẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti tẹ sítíkà, wọ́n ti gba owó ọṣẹ ogún lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí a gba owó ẹlòmíràn ni ìgbafẹ́ di gbèsè. Ẹ má gba owó ẹnikẹ́ni. Ẹ bá wọn ṣe é ní ọ̀fẹ́ títí odi á fi kọjá, bó bá máa kọjá.

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni máa ń ṣèrànwọ́ tí ó pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Kò ní láti mọ iṣẹ́ náà. Ó lè jókòó máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀, ó lè wà lórí fídíò láti Ìlọrin. Pé ó kàn wà níbẹ̀ ti tó láti mú kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀.

Dókítà

Tí ọ̀rọ̀ yìí bá kọjá iṣẹ́ ìgbafẹ́, tó ti kan iṣẹ́ oúnjẹ, ìgbéyàwó tàbí gbèsè, ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ. Ìbéèrè 18 kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde fún àgbàlagbà, ASRS lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ máa dáhùn. Bí ìdáhùn 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá bọ́ sínú àpótí tó ní àwọ̀, ó yẹ kí ẹ lọ. Kò lè sọ pé ẹ ní i. Ó kàn ń sọ pé kí ẹ bèèrè ni. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà ní Gwagwalada, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, ilé ìwòsàn Aminu Kano sì wà fún àwọn ará Kano. Ẹ mú káàdì èsì ìdánwò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ bó bá ṣì wà. “Ó ní òye, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì” tí tíṣà kọ nígbà náà wúlò fún dókítà ju ohun tí ẹ rántí lónìí lọ. Bí kò bá sí, ẹ pe màmá yín sórí fóònù nínú yàrá dókítà.

Ohun kan wà tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Bí ìtara náà bá dé pẹ̀lú oorun tó dín kù fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún léraléra láìsí pé ó rẹ èèyàn, tí ọ̀rọ̀ ń yára lẹ́nu, tí ẹni tí kì í náwó bẹ̀rẹ̀ sí í náwó bí omi, ẹ má pè é ní ADHD. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Àìsùn tó, ìbànújẹ́ ọkàn àti àìsàn táíróọ̀dì, ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, náà lè mú kí èèyàn má lè fọkàn sí nǹkan, nítorí náà dókítà tó bá ní kí ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kò fi àkókò yín ṣòfò.

Òògùn wà. Methylphenidate máa ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, èyí tí kì í pẹ́ lára nínú rẹ̀ sì ń lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Òògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni, ìwé dókítà nìkan la fi ń rí i gbà. Atomoxetine yàtọ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Kò sí èyí tó ń mú kí a nífẹ̀ẹ́ sí gìtá. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí ó rọrùn díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àti láti dúró. Ẹ má ra èyíkéyìí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú àwo. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé wọn á pe òun ní wèrè, òfin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn gan-an la lò ní Nàìjíríà títí di oṣù Kìíní 2023, tí wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ó ti lọ.

Gbígbé e kalẹ̀

A máa ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, a kì í kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé nǹkan kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìtara ẹni tó ní ADHD máa ń padà wá: ọdún kan, ọdún méjì, lójijì, ọkàn á tún fà sí òwú. Ohun tó ń dá a padà nígbà náà ni ohun tó bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: máṣíìnì tó dípẹtà, okùn tó já, àti pé kò rántí ibi tó dé mọ́. Àtúnbẹ̀rẹ̀ láti odo kò ní ohun tuntun nínú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kú lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé iná ti ń lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú ogún tó ṣẹ́ kù sin ín dáadáa. Máṣíìnì: ẹ yọ abẹ́rẹ́ àti bọ́bìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku òwú inú rẹ̀, ẹ kán òróró máṣíìnì sí ibi tó yẹ, ẹ fi àkísà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òróró máa jò sí i, ẹ bò ó. Gìtá: ẹ dẹ okùn díẹ̀, kí ẹ fi sínú báàgì rẹ̀ jìnnà sí ògiri tí oòrùn ń pa. Sódà: ike tí ìdérí rẹ̀ le, lókè tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára, bó bá ti dì, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ìlù dùndún, bó bá jẹ́ òun ló kàn: ibi gbígbẹ, torí pé ọ̀rinrin òjò máa ń dẹ awọ rẹ̀, ẹ sì máa ní láti fi oòrùn yá a kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Irúgbìn tó ṣẹ́ kù, ẹ fún aládùúgbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bébà kan, kí ẹ fi sínú páálí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má kọ ẹ̀bẹ̀, ẹ má kọ ìlérí. Irú èyí ti tó:

“Gìtá. Mo gbé e kalẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá. Mo mọ G, C, D àti Em. Mo lè ta orin méjì dé ìdajì. Okùn kìíní ti já, ọ̀tun wà nínú àpò iwájú báàgì. Fóòmù gbẹ, rẹ ẹ́ lómi. Ohun tó kàn: F, ìka àkọ́kọ́ nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”